Kí Ẹ Tó Fowó Ran Ará Ilé Lọ́wọ́, Ẹ Bèèrè Ẹni Tó Máa Ni Ẹ̀rọ

Bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín bá ti dá owó jọ, tí ẹ sì fẹ́ kí owó náà dín àlàfo tó wà láàárín olówó àti mẹ̀kúnnù kù, ẹ má tíì ka owó. Ìbéèrè kan ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹ dáhùn: nígbà tí owó yìí bá ṣiṣẹ́ tán, ta ni yóò ni ohun tí ẹ fi rà? Mo ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi sì ni akápò ẹgbẹ́ wa ní Ìjẹ̀rù níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí. Ohun tí ojú mi ti rí ni pé ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ló ń pinnu ìrànlọ́wọ́ tó máa dúró àti èyí tó máa bá ọdún lọ.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí abúlé kan lọ́nà Òkò, kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ ti ẹnu lásán. Àwọn ìyá ibẹ̀ ló ń gbin ẹ̀gẹ́, àwọn ló ń wú u, àwọn ló ń bẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ohun èlò tó kù, ti ẹlòmíràn ni. Ọ̀kadà ló máa gbé bàsíà ẹ̀gẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Ẹni tí kò bá ní owó lọ́wọ́ á fi gàrí san owó ìlọ̀, iye tí ẹlẹ́rọ bá sì pe kóńgò gàrí lọ́jọ́ náà ni abẹ́ gé. Wọ́n á tún san owó jáàkì tí wọ́n fi ń fún omi rẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n bá sẹ́ ẹ, tí wọ́n yan án tán, alájàpá tó máa rà á ti yá wọn lówó látìgbà tí wọ́n ti ń ro oko, nítorí náà òun ló ń dá owó lé e. Kóńgò tirẹ̀ ló sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ gba kóńgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè: wọ́n ti fi òòlù lù ú láti inú títí ìdí fi yọ ikùn síta. Kò ní jókòó dáadáa lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ìyá kan níbẹ̀ sọ fún mi pé òun mọ̀ pé kóńgò náà kì í ṣe kóńgò gidi. Ó ní, "Ṣùgbọ́n owó wọn wà lọ́rùn mi, Ìyá Akápò. Kí ni mo fẹ́ wí?"

Ìyá yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Aago márùn-ún ìdájí ti bá a nídìí iná. Ohun tó sọ ọ́ di tálákà ni pé gbogbo ibi tí èrè ti ń jáde nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn ló ní i. Bí ẹ bá wá kó ìrẹsì àti ankara lọ fún un ní Kérésì tàbí nígbà Iléyá, ẹ ṣe dáadáa, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lu oúnjẹ tó dé iwájú ẹni tí ebi ń pa. Àmọ́ tí ọdún bá ti kọjá, ẹlẹ́rọ ṣì ni ẹlẹ́rọ, kóńgò ṣì wú síbẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wa wà gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ pín owó yín sí méjì kó tó kúrò ní báńkì: owó ọrẹ, àti owó tó gbọ́dọ̀ padà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí gbogbo ìpàdé gbọ́. Ọ̀pọ̀ wàhálà tí mo ti bá àwọn ẹgbẹ́ yanjú, ibi tí wọ́n ti da méjèèjì pọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á yá èèyàn lówó, wọ́n á sì máa wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣàánú fún. Tàbí wọ́n á fi owó tọrẹ, wọ́n á wá máa retí ìdúpẹ́ tó tóbi ju gbèsè lọ.

Ohun tí kò lè mú owó wọlé fúnra rẹ̀, owó ọrẹ ni kí ẹ fi ṣe é. Owó ìwòsàn aláboyún, owó ìdánwò ọmọ iléèwé, kànga omi mímu, oúnjẹ arúgbó tí kò ní ọmọ nítòsí: ẹ má ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó fún ìwọ̀nyí. Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ohun tí ọrẹ lè ṣe. Ní 1907 ni Dókítà George Green dé síbí láti ọ̀dọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ìwòsàn tó bẹ̀rẹ̀ ló di ilé ìwòsàn Baptist, òun náà ló di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bowen lónìí. Kò sí oníṣòwò tó máa dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nígbà yẹn, nítorí kò sí èrè níbẹ̀. Àwọn tó fowó sí i kò retí pé kó padà wálé.

Ohun tó lè mú owó wọlé ńkọ́? Ẹ̀rọ, jáàkì, agbada ìyangàrí, ilé ìkó-nǹkan-sí, ọ̀gbìn kajú. Fún ìwọ̀nyí, owó tó ń padà dára ju ọrẹ lọ, kì í ṣe nítorí pé ẹ ń wá èrè, bí kò ṣe pé owó tó bá padà láti ọ̀nà Òkò lè lọ sí Ajáàwà lẹ́yìn náà, kó tún lọ sí Ìkòyí-Ilé. Ní 2007, níbi ìpàdé kan tí Rockefeller Foundation pè ní Bellagio ní orílẹ̀-èdè Ítálì, ni wọ́n ti fún irú owó yìí ní orúkọ tí àwọn olówó ayé fi ń pè é lónìí, impact investing: owó tó ń wá èrè, tó sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ó tún ayé ẹnì kan ṣe. Àwọn tiwọn ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là ṣe é. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lè fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà ṣe é, kó sì yọrí.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Owó yíyá nìkan kì í ṣe oògùn. Ẹ lọ sí ọjà Jagun tàbí Wàásò kí ẹ bèèrè nípa owó gbọ́múlélántà, ẹ ó gbọ́ bí obìnrin ṣe ń sá kúrò nídìí ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ ìsanwó, bí wọ́n ṣe ń gbé amóhùnmáwòrán àti ìkòkò lọ, bí ẹni tó dúró fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe di ọ̀tá rẹ̀. Sọgúndogójì, owó èlé gọbọi tó wà nígbà àwọn ìyá wa àgbà, kò kú, aṣọ ló pààrọ̀.

Muhammad Yunus, tó ń kọ́ni ní ètò ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Chittagong ní Bangladesh, bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé ní abúlé Jobra ní 1976. Àwọn obìnrin tó ń fi ọparun ṣe àpótí ìjókòó ń yá owó ọparun lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà tó ń ra àpótí lọ́wọ́ wọn, òun ló sì ń dá iye tó máa rà á. Dọ́là 27 péré ló tú èèyàn 42 sílẹ̀ lọ́wọ́ irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti dá Grameen Bank, báńkì tó ń yá àwọn tálákà lówó kékeré, sílẹ̀ ní 1983, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2006. Ohun tí mo ń rí nínú ìtàn yìí ni pé okùn tó wà láàárín ẹni tó yáni lówó àti ẹni tó ń dá owó lé ọjà ló já. Ní 2015, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí orílẹ̀-èdè 6 jọ, láti Ethiopia dé Íńdíà, Mexico àti Morocco, wọ́n sì rí i pé owó kékeré tí wọ́n ń yá àwọn tálákà ran òwò àwọn kan lọ́wọ́ láti fẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ọ̀pọ̀ jù lọ kúrò nínú òṣì. Kò yà mí lẹ́nu. Bí ẹ bá yá ìyá ọ̀nà Òkò lówó láti gbin ẹ̀gẹ́ sí i, tí kóńgò alájàpá ṣì wú, ẹ̀gẹ́ tó pọ̀ sí i yẹn, ilé alájàpá ló ń lọ.

Ẹni tó tálákà jù lọ nínú abúlé, ẹ má fi gbèsè lọ̀ ọ́ rárá. Opó tí kò ní oko, tí ó ń bá èèyàn bẹ ẹ̀gẹ́ gbowó ojúmọ́, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Àjọ aṣèrànwọ́ kan tó ń jẹ́ BRAC ní Bangladesh ló bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2002: wọ́n á fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ewúrẹ́ tàbí màlúù, wọ́n á fún un lówó oúnjẹ fún ìgbà díẹ̀ kó má baà pa ẹran náà jẹ, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n á kọ́ ọ láti máa fi owó pamọ́, ẹnì kan á sì máa yà sílé rẹ̀ déédéé. Wọ́n dán an wò ní orílẹ̀-èdè 6, Gánà wà lára wọn. Ìwádìí tó jáde ní 2015 fi hàn pé èrè rẹ̀ ṣì wà lára àwọn ìdílé náà lẹ́yìn ọdún kan tí ètò ti parí. Nínú gbogbo rẹ̀, yíyà sílé yẹn ni àwọn ẹgbẹ́ wa kì í fẹ́ ṣe. Ó rọrùn láti ra ewúrẹ́. Kí ẹnì kan láti Tákìé máa gbé ọ̀kadà lọ wo ewúrẹ́ àti ẹni tó ni ín lóṣooṣù ló le, nítorí náà ẹ yan ẹni náà lórúkọ, kí ẹ sì san owó ọkọ̀ fún un.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀rọ. Owó àfiṣàpẹẹrẹ ni mo lò, kí ẹ fi iye tó wà lọ́jà lónìí rọ́pò rẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́, ẹ́ńjìnnì, jáàkì, agbada méjì, àtíbàbà tí wọ́n máa wà lábẹ́ rẹ̀, àti kànga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000 lápapọ̀. Àwọn ìyá jẹ́ 20. Kí olúkúlùkù dá ₦6,000 díẹ̀díẹ̀ nínú àjọ wọn, ₦120,000 nìyẹn. Ẹ má yọ èyí kúrò o. Ẹni tó bá ti fi owó ara rẹ̀ sí i kò ní jẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni fi ẹ́ńjìnnì ṣeré. Àtíbàbà àti kànga, ₦280,000, owó ọrẹ ni. ₦800,000 tó kù ni owó tó máa padà.

Báwo ni yóò ṣe padà? Ká ní ₦300 ni wọ́n ń gbà lórí bàsíà kan. Kí ₦160 jẹ́ ti epo dísù àti ẹni tó ń wa ẹ́ńjìnnì, kí ₦40 wà fún àtúnṣe, nítorí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu tó ń lọ ẹ̀gẹ́ náà máa ń kú kíákíá, kí ₦100 lọ fún gbèsè. Bí olúkúlùkù bá lọ bàsíà 4 lọ́sẹ̀, bàsíà 80 nìyẹn, ₦8,000 fún gbèsè lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ 100 ni yóò fi tán. Àmọ́ ẹ má retí pé kó tán ní ọdún méjì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ á gan, ẹ̀gẹ́ kì í rọrùn láti wú, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ á wà tí ẹ̀rọ kò ní pariwo. Bí ọ̀sẹ̀ 36 bá ṣiṣẹ́ nínú ọdún, ó ti súnmọ́ ọdún mẹ́ta. Ẹ fara mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi dandan lé sísan lóṣooṣù, ẹ̀ ń tì wọ́n padà sọ́wọ́ alájàpá ni, nítorí òun ni wọ́n máa sáré lọ bá ní oṣù tí ẹ̀gẹ́ kò sí.

Ohun kan tún wà tó ń jẹ owó àwọn ẹgbẹ́ tó ń yáni láìgba èlé: ọ̀wọ́n gógó. Ní 2024, ọjà ń gbówó lórí ní Nàìjíríà ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún kan. Bó bá ń gbówó lórí bẹ́ẹ̀, owó tí ẹ bá gbà padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kò ní lè ra ìdajì ẹ̀rọ mọ́. Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni kí ẹ má ka gbèsè náà ní náírà, bàsíà ni kí ẹ fi kà á. ₦800,000 ní ₦100 lórí bàsíà kan jẹ́ bàsíà 8,000. Nítorí náà ìwé àdéhùn yóò sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìlọ̀ jẹ́ ti gbèsè títí bàsíà 8,000 yóò fi pé. Bí dísù bá wọ́n, tí owó ìlọ̀ di ₦450, ₦150 ló máa padà lórí bàsíà náà. Bí ọjà bá dẹ̀, tí iṣẹ́ kò sí, kò sí bàsíà, kò sì sí gbèsè tó ń wú lábẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá Mùsùlùmí tó pọ̀ láàárín wa máa fẹ́ mọ̀ bóyá èlé wà nínú rẹ̀. Ẹ ka àdéhùn náà fún àfáà wọn kí wọ́n tó tẹ̀ka, kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ má yá ará ilé ní dọ́là. Ní oṣù kẹfà 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi ₦460, nígbà tó di 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Ẹgbẹ́ tó yá $1,000 tó jẹ́ ₦460,000 wá di ẹni tó jẹ gbèsè ₦1,500,000, ẹ̀gẹ́ wọn kò sì kúrò ní náírà. Ẹ̀yin ni apá yín ká irú ewu yẹn, kì í ṣe ìyá ọ̀nà Òkò. Ẹ sì rántí àwọn bàbá wa tó ṣòwò káàkiri Gánà, dé Tamale, títí ìjọba Busia fi pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé kí àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ. Ọ̀pọ̀ nínú owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé ṣáájú ìgbà náà, ilé ni wọ́n fi kọ́. Ilé náà dára, mo ń rí wọn káàkiri ìgboro. Iṣẹ́ tí ọmọ wọn máa ṣe nígbà tí wọ́n padà dé ló ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìwé. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ wà lórúkọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Orúkọ wọn ni kó wà lórí rìsíìtì. Kí àdéhùn sọ pé wọn kò lè tà á kí bàsíà 8,000 tó pé, ó tán. Bí rìsíìtì bá wà lórúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, alága tó máa jẹ lẹ́yìn yín lè gbé ẹ̀rọ náà lọ síbi tó wù ú, kò sì sí ohun tí ìyá kankan lè wí. Kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Èèyàn 10 ló kéré jù tí òfin fẹ́, wọ́n sì ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ àdéhùn ní Yorùbá, kí ẹ kà á sókè lójú gbogbo wọn, kí wọ́n tẹ̀ka. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ má gba owó ìpamọ́ lọ́wọ́ ará ìta. Báńkì Àpapọ̀ ló ń fúnni láṣẹ ìyẹn.

Ilẹ̀ tún ṣe pàtàkì ju ìwé lọ. Àtíbàbà yẹn, orí ilẹ̀ ta ni? Ní agbègbè wa, àjòjì lè rí ilẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ kó gbin igi tó máa pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbin kajú ti fẹ́ máa pe ilẹ̀ ní tirẹ̀. Ìyẹn ni owó kajú ṣe ń lọ sọ́dọ̀ onílẹ̀, tí ẹ̀gẹ́ sì ṣẹ́kù fún obìnrin àti àlejò. Ẹ lọ bá baálé àti mọ́gàjí ìdílé tó ni ilẹ̀, kí wọ́n buwọ́ lu ìwé ọdún tó ju ti gbèsè lọ dáadáa, kí ìyàwó ilé náà àti ọmọ ọkùnrin tó dàgbà jẹ́ ẹlẹ́rìí. Bí wọn kò bá fẹ́ buwọ́ lù ú, ẹ gbé àtíbàbà lọ síbòmíràn. Ẹ má gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu tó.

Ẹlẹ́rọ àtijọ́ ńkọ́? Òun náà lọ́mọ, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Kí ẹ tó ra bóòtù kan, ẹ lọ kí i nílé. Ìmọ̀ràn mi ni kí àwọn ìyá gbà á láti máa tún ẹ́ńjìnnì ṣe lówó oṣù. Ó mọ ẹ̀rọ ju gbogbo wa lọ, bí ọwọ́ rẹ̀ bá sì wà níbẹ̀, kò ní fẹ́ kí iṣẹ́ náà bàjẹ́. Ní ti alájàpá, ohun tí mo fẹ́ gan-an ni kí àwọn ìyá ra kóńgò tuntun tiwọn, kí wọ́n gbé e sí ààrin ọjà, kó jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n máa fi wọ̀n.

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú abúlé náà tó ní èrò òwò, ẹ sọ fún wọn nípa Tony Elumelu Foundation. Láti 2015 ni wọ́n ti ń fún àwọn oníṣòwò kéékèèké nílẹ̀ Áfíríkà ní $5,000 tí wọn kò ní gbà padà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè fún un, nítorí náà ẹni tó ń kàwé ní LAUTECH nínú yín yẹ kó jókòó tì wọ́n kí wọ́n jọ kọ ọ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá àlàfo ń dín kù: ẹ má ka iye èèyàn tó jókòó lábẹ́ tápólì lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀. Kí owó tó jáde, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan: èló lo ta kóńgò gàrí lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ta ló dá iye yẹn? Gbèsè ta ló wà lọ́rùn rẹ? Ọmọ wo ni kò lọ síléèwé lọ́jọ́ tí ẹ ń yan gàrí? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè, ẹ tún bèèrè ohun kan náà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kan náà, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ opó tí kò sí nínú ẹgbẹ́ wọn pẹ̀lú, nítorí ẹ̀rọ tuntun lè gbé èèyàn 20 sókè kó sì fi ẹni kọkànlélógún sílẹ̀ níbi tó wà.

Nígbà tí bàsíà 8,000 bá pé, ẹ kọ ìwé pé gbèsè tán, kí akọ̀wé tiwọn àti tiyín buwọ́ lù ú. Ẹ pe méjì nínú àwọn ìyá náà wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín tó tẹ̀lé e, kí ẹ sanwó ọkọ̀ wọn, kí wọ́n sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ̀rọ̀ lórí abúlé tí owó náà yóò lọ báyìí.